Omi Nínú Táyà Katakata: Ọgbọ́n Tó Ń Dín Ìnáwó Kù, Tó sì Lè Dá Ẹ̀mí Sí

Ẹni tí kò bá rí i rí yóò kọ́kọ́ rò pé orí fọganáísà náà ti dàrú ni. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn katakata kékeré kan sókè, ó yí táyà títí ẹnu tiúbù fi wà lókè téńté, ó tú irin tín-ín-rín tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ki ọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Dípò afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ táyà, omi ló ń rọ sí i, omi kànga gidi, kẹ́ẹ̀gì kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn ọmọdé tó ń wòran a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní ṣé táyà náà fẹ́ wẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni katakata kì í dá wọn lóhùn. Ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lóko kí ó tó ránṣẹ́ pe fọganáísà.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí kò ju èyí lọ: ẹ́ńjìnnì ń ké, èéfín dúdú ń tú jáde, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń yí bí òòyì, ṣùgbọ́n katakata kò kúrò lójú kan. Ńṣe ni táyà ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi owó gidi rà ń jó lọ lásán, eyín táyà ń jẹ, oòrùn sì ń lọ. Bí awakọ̀ bá tún wá tẹ iná mọ́ ọn, kòtò náà yóò túbọ̀ jìn ni.

Kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì ni kò tó. Ẹni tó bá ti ran èèyàn lọ́wọ́ rí láti ti mọ́tò lójú ẹrẹ̀, tí ó sì wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dán, yóò mọ̀ pé bó ti wù kí apá èèyàn le tó, bí ẹsẹ̀ kò bá di ilẹ̀ mú, asán ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni katakata. Gbogbo agbára tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ibi tí táyà ti fẹnu kan ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà jáde, ibẹ̀ kò sì fẹ̀ ju àtẹ̀gùn kékeré kan lọ. Ohun tó ń mú kí táyà di ilẹ̀ mú ni eyín tó wà lára rẹ̀ àti ìwọ̀n ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Katakata tó bá fúyẹ́ jù fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ yóò máa yí lásán, ìbáà ṣe pé àná ni wọ́n gbé e jáde ní ilé iṣẹ́.

Ọgbọ́n fífi omi tẹ katakata mọ́lẹ̀ ti pẹ́ láyé. Kí ọdún 1932 tó dé, irin lásán ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ katakata nílẹ̀ Amẹ́ríkà, irin tó ní eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó, tó ń gún ilẹ̀ lágùn-únwọlé, tó sì ń ba títì jẹ́. Ní ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Allis-Chalmers tó wà ní ìlú Milwaukee bẹ̀rẹ̀ sí í ta katakata Model U pẹ̀lú táyà rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Àwọn àgbẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní rọ́bà wo ni yóò di ilẹ̀ mú bí irin? Láti yí wọn lọ́kàn padà, ní ọdún 1933, ilé iṣẹ́ náà gbé ọ̀kan nínú katakata wọn fún Barney Oldfield, ìlú-mọ̀ọ́ká awakọ̀ eré ìje, ó sì sá eré tó lé ní 60 máìlì ní wákàtí kan lórí rẹ̀. Ìran ńlá ni. Ṣùgbọ́n eré ọ̀tọ̀, oko ọ̀tọ̀. Rọ́bà sàn ju irin lọ lóòótọ́, síbẹ̀ ó fúyẹ́ jù ú lọ, àwọn àgbẹ̀ sì rí i pé ó yẹ kí wọ́n wá ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn kan so òkúta irin mọ́ ọn. Àwọn mìíràn wo inú táyà, wọ́n rí i pé àyè ńlá ló ṣófo níbẹ̀.

Ọkùnrin ará Ireland kan, Harry Ferguson, ni kò fẹ́ràn kí wọ́n máa di ẹrù ru katakata. Ní tirẹ̀, ìwà òmùgọ̀ ni kí ẹ̀rọ máa gbé òkúta irin kiri oko láti àárọ̀ dalẹ́. Ó wá ṣe apá irin mẹ́ta sí ẹ̀yìn katakata, tí ó fi jẹ́ pé bí irin ìtúlẹ̀ bá ṣe ń wọ ilẹ̀ tó ni yóò ṣe máa fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn katakata mọ́lẹ̀ tó. Katakata kékeré tó ń jẹ́ TE20, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1946, orí ọgbọ́n yìí ni wọ́n gbé e kà, orúkọ ọkùnrin náà ló sì wà nínú Massey Ferguson tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa mọ̀ bí ẹni mowó. Títí di òní, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí katakata tí kò ní apá mẹ́ta náà lẹ́yìn. Òótọ́ ni Ferguson sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà mọ síbi tí irin ìtúlẹ̀ bá ti wà nínú ilẹ̀. Nígbà tí katakata bá ń fa tìrélà ẹrù, tàbí tí ó ń fi garawa iwájú kó yẹ̀pẹ̀, kò sí ohun tó ń fa ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti wúlò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn katakata kéékèèké ju àwọn ńláńlá lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé sí ilẹ̀ Adúláwọ̀ bíi tòkunbọ̀, ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti wá: Kubota, Yanmar, Iseki. Oko ìrẹsì ni àwọn ará Japan rò lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n, oko tí omi bo ilẹ̀ rẹ̀, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ sì lè gbé ohun tó bá wúwo mì. Nínú irú oko bẹ́ẹ̀, fífúyẹ́ ni iyì katakata. Nígbà tí wọ́n bá wá gbé e dé ilẹ̀ pupa líle, tí wọ́n ní kí ó tú ilẹ̀ tí oòrùn ti sá láti oṣù Kọkànlá, ohun tó jẹ́ iyì rẹ̀ lọ́hùn-ún a di àbùkù rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn tó ń rà á kì í mọ èyí. Agbára ẹṣin tí wọ́n kọ sí i lára ni wọ́n ń wò, wọn kì í bèèrè iye kílò tó wọ̀n.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bí táyà ẹ̀yìn kan bá gba 150 lítà, táyà méjèèjì ti fi 300 kílò kún katakata. Katakata tó wọ̀n 900 kílò tẹ́lẹ̀ ti di 1,200 kílò nìyẹn, ó ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé ní ìwọ̀n, láìra irin kankan. Òkúta irin tí ilé iṣẹ́ ń rọ fún ẹsẹ̀ katakata dára, kò ní wàhálà, ẹ sì lè tú u nígbà tí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́. Àmọ́ iye tí wọ́n ń tà á kì í ṣe ohun tí olóko kékeré lè fi ojú kékeré wò. Omi kànga kò ní iye. Ohun mìíràn tó tún dára nínú ọ̀ràn omi ni pé kò di ẹrù ru ọ̀pá irin tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì. Inú táyà ló wà, orí ilẹ̀ tààrà ni ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì àti eyín táyà nìkan ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá má gba odidi ojú ewé nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀.

Yorùbá gbà pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ní ti katakata, ààrò mẹ́ta ló ń da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n irin tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀, àárín gbùngbùn rẹ̀ ni wọ́n ti fi irin kan ṣoṣo gbé e kọ́, kí ó lè máa mì sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú. Nítorí náà, orí ibi mẹ́ta ni katakata dúró lé ní ti gidi: táyà ẹ̀yìn méjì, àti irin kan láàárín iwájú. Àwọn ẹsẹ̀ iwájú kò ran ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ kí ó má ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi ìgbà tí ó bá ti tẹ̀ débi tí irin iwájú náà fi gbá ara lù ú, ó sì lè ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ni gbogbo ìdúró rẹ̀ wà.

Ẹ wá wo katakata kékeré tó ní apá irin àti garawa ńlá níwájú. Awakọ̀ bu yẹ̀pẹ̀ kún garawa, ó gbé e sókè kí ó lè ríran, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹrù iwájú ti di ìwọ̀n, ẹ̀yìn ti fúyẹ́ bíi korobá òfìfo. Táyà ẹ̀yìn kan gun orí òkúta tàbí kùkùté, èkejì bọ́ sínú kòtò. Kí ó tó ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ti dojú dé. Kò sí ẹni tó ń fò sílẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kì í fẹ́ bá; ibi tí èèyàn ń fò sí ni katakata máa ń wó sí.

Omi inú táyà ẹ̀yìn ń dín ewu yìí kù lọ́nà méjì. Ó ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí ó má baà gbé nígbà tí iwájú bá di ẹrù. Bákan náà, nítorí pé ìsàlẹ̀ táyà ni omi máa ń ṣàn sí, ó ń fa ìwọ̀n gbogbo katakata sí ìsàlẹ̀, ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì wà nísàlẹ̀ kì í tètè ṣubú. Ìyẹn nìkan kò tó o. Ẹni tó ń fi garawa iwájú ṣiṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo kọ́ apá mẹ́ta ẹ̀yìn, ìbáà jẹ́ àpótí irin tí wọ́n rọ kọnkéré kún, nítorí pé ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló lè gba díẹ̀ nínú ẹrù kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ iwájú. Omi inú táyà kò lè ṣe ìyẹn. Fún ìdí kan náà, ẹ má ṣe rọ omi sí táyà iwájú katakata tó ní garawa. Ẹrù tó wà níbẹ̀ ti tó o ru.

Ewu kan tún wà tí omi kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, tó tilẹ̀ lè dá kún un. Bí awakọ̀ bá so ṣéènì mọ́ ibi gíga lẹ́yìn katakata láti fa kùkùté tu, tí táyà sì di ilẹ̀ mú gírígírí, táyà kò ní yí lásán mọ́. Bí kùkùté kò bá wá, iwájú katakata ni yóò gbéra sókè, yóò sì dà sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí. Ìsàlẹ̀, níbi irin tí wọ́n ṣe fún fífa nǹkan, nìkan ni kí a máa so ohunkóhun mọ́. Férémù irin tó dúró lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Orílẹ̀-èdè Sweden ti sọ ọ́ di òfin láti ọdún 1959 pé katakata tuntun kò gbọ́dọ̀ jáde láìní i, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì tẹ̀lé wọn. Ẹni tó bá gé e kúrò nítorí pé ó ń kọ́ ẹ̀ka igi kòkó, tàbí tó ní i tí kò de bẹ́líìtì, kí ó má ṣe tìtorí omi inú táyà fọkàn balẹ̀.

Irú omi wo ni kí èèyàn rọ sí i? Ìbéèrè yìí ló ń fa àríyànjiyàn ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, nítorí òtútù. Omi lásán a máa di yìnyín nínú táyà nígbà òtútù wọn, táyà a sì le bí òkúta. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní calcium chloride mọ́ ọn. Iyọ̀ náà kì í jẹ́ kí omi dì, ó sì ń mú un wúwo sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀tá irin ni. Bí tiúbù bá jò díẹ̀, yóò jẹ rímù débi tí irin yóò máa bọ́ ní pẹlẹbẹ, bí ó bá sì dà sí ilẹ̀, koríko ibẹ̀ yóò kú. Àwọn mìíràn ń lo kúláǹtì tí wọ́n ń rọ sí rédíátọ̀. Èyí tí wọ́n fi ethylene glycol ṣe nínú wọn dùn lẹ́nu, ajá tàbí ewúrẹ́ tó bá lá a yóò kú. Àwọn kan ń lo omi tí wọ́n fi ń nu gíláàsì mọ́tò, èyí tó ní ọtí olóró nínú. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ohun tó gbòde lọ́dọ̀ wọn ni oje tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá fún ṣúgà lára bíìtì. Ó wúwo ju omi lọ, kì í tètè dì, kì í sì í jẹ irin. Owó rẹ̀ nìkan ló pọ̀.

Gbogbo ìyẹn, wàhálà ẹni tó ń gbé ìlú yìnyín ni. Láti Ìlọrin títí dé Badagry, omi lásán ló tó. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ta iyọ̀ tàbí kẹ́míkà fún, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ẹnu tiúbù gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, omi kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí ẹnu náà wà, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táyà. Afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n fẹ́ sí ìyókù. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Táyà tí wọ́n bá rọ omi kún dẹ́nu kò ní lè tẹ̀ mọ́, gbogbo kòtò tó bá bọ́ sí ni yóò máa gbá rímù àti awakọ̀ lápá. Bí wọ́n ṣe ń rọ omi, kí wọ́n máa dúró díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà ráyè jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi kò ní wọlé. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, tó ń gba omi wọlé tó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Fọganáísà tó bá mọṣẹ́ lè rọ irú rẹ̀. Táyà tó ní tiúbù ló sàn jù fún omi. Èyí tí kò ní tiúbù, rímù rẹ̀ yóò máa dípẹtà níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí táyà kí ẹnu rẹ̀ padà sókè, kí omi má baà tú sínú ohun ìwọ̀n kí ó sì bà á jẹ́.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí i pé omi dára, wọn a rọ omi, wọn a so irin, wọn a tún gbé kọnkéré kọ́ ẹ̀yìn. Katakata bẹ́ẹ̀ kì í yí lásán mọ́ rárá, àwọn olówó rẹ̀ a sì máa yọ̀, láìmọ̀ pé yíyí lásán díẹ̀ jẹ́ ààbò fún gíà. Nígbà tí táyà kò bá lè yọ̀, irin inú gíà ló ń jìyà, àtúnṣe gíà katakata Japan kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ilẹ̀ náà a tún dì lábẹ́ táyà, gbòǹgbò àgbàdo kò ní ríbi gbà.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n tó tọ́ kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sí ara táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí irin ìtúlẹ̀ bá wà nínú ilẹ̀ tí iṣẹ́ ń lọ, ẹ ka ìyípo 10, kí ẹ kan èèkàn síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ parí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé irin ìtúlẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ tún wa katakata náà láti èèkàn kan dé èkejì, kí ẹ sì ka ìyípo táyà. Bí ó bá jẹ́ 9, táyà ń fi ìdá 10 nínú 100 yí lásán. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ àti ààbọ̀, ìdá 15 ni. Àárín méjì yìí ló dára lórí ilẹ̀ líle fún katakata tó ń fi ẹsẹ̀ méjì fà. Bí ó bá lọ sílẹ̀ dé 8 tàbí 7, ẹ fi ìwọ̀n kún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì ku díẹ̀ kó pé 10, ẹrù ti pọ̀ jù, ẹ fa omi díẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ń lọ sí àkùrọ̀ láti gbin ìrẹsì ní tirẹ̀, kí ó fa gbogbo rẹ̀ jáde. Irin ẹsẹ̀ alágò ni wọ́n ń so mọ́ táyà níbẹ̀, kì í ṣe omi.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ètò 2,000 katakata tí ìjọba àpapọ̀ kó wọlé láti orílẹ̀-èdè Belarus. Iye ẹ̀rọ ni àwa ará ilẹ̀ yìí sábà máa ń kà. Bí wọn yóò ṣe wọn táyà rẹ̀, bí wọn yóò ṣe mọ̀ bóyá ó fúyẹ́ tàbí ó wúwo jù fún ilẹ̀ tó ń lọ, kì í jẹ́ orin tí ẹnikẹ́ni ń kọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ oko wà ní Ìdófìàn, lẹ́bàá Ìlọrin, iṣẹ́ wọn sì ni láti dán irú ẹ̀rọ báyìí wò. Bí wọ́n bá tẹ ìlànà irú èyí sí ìwé pélébé ní èdè tí awakọ̀ gbọ́, tí wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ katakata, kò ní ná ìjọba lówó púpọ̀.

Ó ku ti àwọn fọganáísà àti àwọn tó ń ra tòkunbọ̀. Táyà tó ní omi nínú kì í ṣe ohun tí ọkùnrin kan ń dá tú. Bí ó bá wó lu èèyàn, ẹsẹ̀ tàbí itan ni yóò ṣẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ yí ẹnu tiúbù sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n tú u, kí omi ṣàn jáde tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra katakata tó ti Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó san owó, nítorí ó ṣeé ṣe kí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti rọ nǹkan sí i nígbà òtútù wọn. Bí ohun tó jáde bá gbẹ tí ó sì fi funfun bí iyọ̀ sílẹ̀, kí ó wo rímù dáadáa, lẹ́yìn àti níwájú, níbi tí ipẹtà máa ń fara pamọ́ sí lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, kúláǹtì ni. Kí ó gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ó sì dé e pa kí ewúrẹ́ ilé tó dé ibẹ̀.